Àwọn ọmọbìnrin wa mọ básíkẹ́ẹ̀tì í gbá, àga òfìfo ló ń wò wọ́n: ṣé ká fi orogún fa èrò ni?

Kóòṣì_Ìjẹ̀búÒde
Ẹ kú ilé o, ará Ìjẹ̀bú, ará Rẹ́mọ. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní básíkẹ́ẹ̀tì níbí, 14 ni wọ́n, kọ́ọ̀tù sìmẹ́ǹtì ilé ìwé kan la ń lò, ríìmù kan (irin róbótó tí bọ́ọ̀lù ń gbà wọlé) ti tẹ̀ ṣùgbọ́n a ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Ṣágámù la sábà máa ń bá gbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti pàdé, a nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tá a gbá kẹ́yìn ní Sátidé, mo ka àwọn tó wá wòran, 23 ni gbogbo wọn, mo sì ka ìyá tó ń ta gúgúrú mọ́ ọn o, pẹ̀lú bàbá kan tó kàn ń dúró de ọmọ ẹ̀ kí wọ́n jọ máa lọlé. Bẹ́ẹ̀ eré yẹn dùn! Póìntì kan péré ni wọ́n fi jù wá lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wá wà nílẹ̀ nìyí. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa, kò ga, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ yá, ó máa ń jù ú láti òkèèrè á sì wọlé, ẹnu ẹ̀ náà kìí dákẹ́. Àwọn ará Ṣágámù ní ọmọ gíga kan, tí bọ́ọ̀lù bá ti ta lára ríìmù pẹ́nrẹ́n, tiẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì kìí rẹ́rìn-ín síra wọn lórí kọ́ọ̀tù. Àbúrò mi tó ń ṣe fláyà wá ní ká gbé fọ́tò wọn kojú síra, ká kọ ÌJÀ ÀGBÀ sí i gàdàgbà, ká sọ pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni Caitlin Clark àti Angel Reese, àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà méjì tó ń bá ara wọn du ú, ṣe sọ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin di nǹkan tí gbogbo ayé ń wò. Ọkàn mi ń ṣe méjì, ọmọ ọdún 17 ni wọ́n. Ṣé ká ṣe é?

ỌmọAláre01
Ẹ ṣe é jàre kóòṣì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà yín lẹ́rù, orogún ló ń pèrò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí ò tẹ̀ lé e. Oṣù kẹrin ọdún 2023, ní Dallas, fáínà àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, LSU pàdé Iowa. Reese wà ní LSU, Clark wà ní Iowa. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n na Louisville, Clark ti ń ju ọwọ́ níwájú ojú ara ẹ̀ bí ẹni ń sọ pé ẹ ò lè rí mi, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ náà láyà. Ó wá di ọjọ́ fáínà, LSU nà wọ́n 102 sí 85, ni Reese bá tẹ̀ lé Clark kiri, ó ju ọwọ́ yẹn padà sí i, ó tún ń tọ́ka sí ìka tí òrùka àwọn tó gba ife máa wọ̀. Yéè! Ariwo ta. Àwọn kan ní kò lẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan ní ṣé torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni, ṣebí èkejì ẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é, ta ló pe tìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀? Mílíọ̀nù 9.9 èèyàn ló wo eré yẹn.

Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún pàdé, kìí tiẹ̀ ṣe fáínà o, Iowa gba ẹ̀san, 94 sí 87, Clark nìkan ju 41, àwọn tó wò ó jẹ́ mílíọ̀nù 12.3. Ìyẹn ni pé eré tí kìí ṣe fáínà ní èrò ju fáínà tó ṣáájú lọ. Kí ló fà á? Wọ́n ti gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, wọ́n fẹ́ mọ ibi tó máa já sí.

Tíṣà_ÀgọÌwòyè
Èmi ò gbà o. Ẹ̀bùn ọmọ yẹn ni wọ́n ń wò, kìí ṣe ìjà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, 7 oṣù kẹrin 2024, Iowa bọ́ sí fáínà pẹ̀lú South Carolina. Reese ti lọlé ẹ̀. Èèyàn mélòó ló wò ó? Mílíọ̀nù 18.9! Ti ọkùnrin tí wọ́n gbá lọ́jọ́ kejì ẹ̀, mílíọ̀nù 14.8. Ta ni orogún Clark lọ́jọ́ yẹn? Kò sí ẹnì kan pàtó, ẹgbẹ́ odidi ló kojú, ẹgbẹ́ tí ò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì nà án náà ni, 87 sí 75. Ọmọ tó ju 3,951 póìntì ní yunifásítì, tí kò sí ọkùnrin tí kò sí obìnrin tó ju tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpele yunifásítì tó ga jù, tí wọ́n ń pè ní Division I, ṣé ẹ máa sọ pé ìka tí wọ́n nà sí i ló gbé e dé ibẹ̀?

ỌmọAláre01
Tíṣà, mo gbọ́. Ẹ wá dáhùn èyí. Clark bọ́ sí WNBA, lìígì básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ó wà ní Indiana Fever, Reese bọ́ sí Chicago Sky. Ogójì eré ni Clark gbá lọ́dún 2024 kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá. 23 oṣù kẹfà, ó pàdé Reese, Sky fi póìntì kan na Fever, 88 sí 87, Reese ju 25 ó sì gba ribáùn 16, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ta padà lára ríìmù. Mílíọ̀nù 2.3 ló wò ó, WNBA ò rí irú ẹ̀ láti ọdún 23 sẹ́yìn. Ṣé Clark tó gbá ogójì eré yẹn ò lẹ́bùn ní mọ́kàndínlógójì tó kù ni?

Ó tún di oṣù karùn-ún 2025, àwọn méjì yìí kan náà, Clark gbá Reese lọ́wọ́, rẹfirí fún un ní fáwùlù tó wúwo, Reese fẹ́ bá a, wọ́n dá a dúró. 93 sí 58 ni Fever fi nà wọ́n! Eré tí kò ní ìfagagbága kankan nínú, tó ti tán kó tó parí. Mílíọ̀nù 2.7 ló jókòó tì í.

Tíṣà_ÀgọÌwòyè
Ó dáa, mo fún yín ní ìdajì. Ata ni orogún. Ṣùgbọ́n ata ò lè di ìkọ́kọrẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti ní iṣu ewùrà nílẹ̀. Kóòṣì, ṣé àwọn ọmọ yín méjèèjì mọ bọ́ọ̀lù gan-an àbí ìbínú nìkan ni wọ́n mọ̀?

Kóòṣì_Ìjẹ̀búÒde
Wọ́n mọ̀ ọ́n gidi sà. Ọmọ Ṣágámù yẹn gba ribáùn 17 mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tá a lọ sọ́dọ̀ wọn, èmi fúnra mi ni mo kà á.

ỌmọAkárígbò
Ẹ rí i pé kóòṣì yín náà ń ka tiwa ju tiyín lọ 😂 Ṣágámù ló ni yín.

ÌyáÌbejì_Ìpẹru
Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ń ka mílíọ̀nù. Èmi ìyá ọmọbìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí Iowa gba ẹ̀san yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Reese sọ nígbà tó jókòó pẹ̀lú àwọn oníròyìn? Ó ń sunkún. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ife ni wọ́n ti ń halẹ̀ ikú mọ́ òun, tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ nípa ara òun, òun ò sì ní ìsinmi kankan. Lóṣù kẹsàn-án 2024, DiJonai Carrington, tó wà nínú ẹgbẹ́ tí Clark ń bá gbá, fi ìka kan Clark lójú nígbà tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, Clark fúnra ẹ̀ ní kò mọ̀ọ́mọ̀, síbẹ̀ ẹnì kan kọ lẹ́tà ìhalẹ̀ ránṣẹ́ sí Carrington, ọ̀rọ̀ burúkú tí mi ò lè tẹ̀ síbí.

Olórí lìígì ọ̀hún, Cathy Engelbert, wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn olólùfẹ́ eré tó ń bú àwọn ọmọ yìí, ó wá fi dáhùn pé orogún dáa fún ọjà, ó fi wé Bird àti Magic, àwọn orogún básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ayé àtijọ́, kò bá àwọn tó ń bú wọn wí. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bínú gidigidi, ó wá padà tọrọ àforíjì. Obìnrin tó tó yẹn, tó ní lọ́yà, tó ní agbẹnusọ, ó ṣì ṣì í sọ. Kóòṣì, kí lẹ ní? Ẹ ní fóònù àti àbúrò tó ń ṣe fláyà.

Ọmọ ọdún 17 ni ẹ fẹ́ kọ ÌJÀ sí lórí. Tí àwọn ọmọkùnrin Ṣágámù bá wọ ojú ìwé ọmọ yín tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní kúkúrú oníranù ńkọ́? Tí tiwa bá ń pe ọmọ wọn ní ọkùnrin torí pé ó ga? Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti bi ìyá wọn?

ỌmọAkárígbò
Màmá ẹ máa bínú, èmi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Àwàdà lèmi ń ṣe.

ÌyáÌbejì_Ìpẹru
Mo mọ̀ ọmọ mi. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ ni mi ò mọ̀.

PóìntìGáàdì_Tẹ́lẹ̀
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo gbá básíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo ṣì ní eékún, ẹ jẹ́ kí n fi tilé kún un. Kí wọ́n tó bí Clark, bóyá mo ń bùmọ́ ọn, ẹ jẹ́ n sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀, a ti ní orogún ní Èkó. First Bank tí wọ́n ń pè ní Elephant Girls, àti Dolphins. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá dé gbọ̀ngàn eré ìdárayá inú pápá ìṣeré Sùúrùlérè nígbà tí àwọn méjèèjì bá fẹ́ pàdé nínú lìígì Zenith Bank. Kò sí fláyà ìjà o. Ẹ̀gbẹ́ kan ń lu ìlù, ẹ̀gbẹ́ kejì ń fun fèrè, obìnrin tó ti bímọ méjì ń pariwo orúkọ agbábọ́ọ̀lù bí ẹni ń ki ọba. Ohun tó fa èrò ni pé gbogbo èèyàn mọ̀ pé tó bá ti di ọ̀rọ̀ ife, àwọn méjì yìí ló máa kù, ẹni tó pàdánù lónìí sì máa ṣe é padà láìpẹ́.

Ibi tó wá ń dùn mí nìyí. Orogún tí kò bá pàdé, ó máa kú ni. Lọ́dún yìí wọ́n á gbá lìígì, lọ́dún tó ń bọ̀ wọn ò ní mọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, onígbọ̀wọ́ á dé, onígbọ̀wọ́ á lọ. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì Connecticut àti Tennessee ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé, kóòṣì méjì tí wọn kìí rẹ́, Geno Auriemma àti olóògbé Pat Summitt, ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi sọ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin di nǹkan tí tẹlifíṣọ̀n ń wá. Summitt wá ní òun ò bá wọn gbá mọ́ lẹ́yìn 2007, ó di 2020 kí wọ́n tó tún fi eré náà sórí kàlẹ́ńdà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2007 ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì kó tó rí ohun tí àwọn òbí ẹ̀ ń sọ.

Àwọn D'Tigress wa, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà ńkọ́? 2017, 2019, 2021, 2023, 2025, márùn-ún léra wọn ni wọ́n gba ife Áfíríkà. Eré wọn tí mo rántí jù ni ti 2019, ní Dakar, níwájú èrò Senegal fúnra wọn, 60 sí 55, ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Senegal la tún nà ní 2017 àti 2023. Orogún gidi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ lè rìn yí Ìjẹ̀bú-Òde ká kẹ́ ẹ má rí ẹni mẹ́ta tó lè dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Senegal kan. Torí kí ni? Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń pàdé, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ìtàn àwọn ọmọ náà fún wa láàrin ìgbà yẹn. Ní Paris 2024 tí wọ́n na Australia, tí wọ́n na Canada, tí wọ́n di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Olympics, ọ̀sẹ̀ kan la fi pariwo.

Nítorí náà kóòṣì, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ ná. Ẹ lọ bá kóòṣì Ṣágámù kẹ́ ẹ jọ kọ déètì eré mẹ́fà sílẹ̀, mẹ́ta níbí mẹ́ta lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì méjì tẹ́ ẹ ti na ara yín yẹn, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹni tó bá ka "2-2" ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

ỌmọAláre01
Àǹtí ẹ ti sọ ọ́. Ó jọ ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, kìí bára wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ lọ bèèrè irú aṣọ tí ẹgbẹ́ kan fẹ́ wọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, wọ́n á sé e mọ́ yín lójú bí ẹni sé oúnjẹ mọ́ adìyẹ. Ọkùnrin kan, Farooq Oreagba, gun ẹṣin ní 2024, fọ́tò ẹ̀ ká ayé, ẹni tí ò gbọ́ Ìjẹ̀bú rí ń béèrè ọ̀nà. Ẹnì kan ló fà wọ́n. Àmọ́ tí wọ́n bá dé tí wọn ò bá àwọn ẹgbẹ́ àti ìdílé ẹlẹ́ṣin níbẹ̀, fọ́tò yẹn náà ni wọ́n máa wò tán tí wọ́n á máa lọ.

Tíṣà_ÀgọÌwòyè
Ẹ rí i, èyí lèmi ń sọ látàárọ̀, ẹ kàn wọ ẹtù fún un ni.

OníKánápì_Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ ń jà lórí Amẹ́ríkà látàárọ̀, kò sẹ́ni tó bi kóòṣì pé ọjọ́ wo ló ń gbá eré. Sátidé! Ní Ìjẹ̀bú! Ẹ dákun, ta ló máa fi ìnáwó sílẹ̀ wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú oòrùn ọ̀sán? Iṣẹ́ mi ni láti yá àga àti kánápì fún òde, kò sí Sátidé tí àga mi ń sùn sílé. Tó bá di aago mẹ́rin ọjọ́ Sọ́ńdè, gbogbo wọn ti padà, àwọn èèyàn náà ti jẹ ìrẹsì tó ṣẹ́kù, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti gba atẹ́gùn. Lọ́dún 2025 tí Remo Stars gba ife lìígì bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ Nàìjíríà, ẹ rí bí ọ̀dọ̀ wa níbí ṣe rí, àwa ará ibí ò kórìíra eré. Ẹ gbé e sí Sọ́ńdè. Àga 60 àti kánápì méjì, ẹ kàn san owó mọ́tò fún mi.

Kóòṣì_Ìjẹ̀búÒde
Haa. Ọgá, ẹ má dàgbà. Ọdún méjì ni mo ti ń gbá eré ní Sátidé, ọ̀rọ̀ òde ò wá sí mi lọ́kàn rí, bẹ́ẹ̀ èmi náà kìí sí ní kọ́ọ̀tù tí wọ́n bá pè mí sí òde.

PóìntìGáàdì_Tẹ́lẹ̀
Ọ̀rọ̀ owó kan tí mo gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá gba owó ẹnu ọ̀nà, bó ṣe 200 náírà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rí nínú ẹ̀, kí wọ́n fi wọ mọ́tò kí wọ́n fi ra sọ́ọ̀kì. Owó oṣù Clark ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní WNBA fún odidi sáà jẹ́ dọ́là 76,535, ọdún yẹn kan náà ni lìígì fọwọ́ sí ìwé tẹlifíṣọ̀n, nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 2.2 fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà All-Star 2025, eré tí àwọn ìràwọ̀ WNBA máa ń gbá, gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tó ń sọ fún lìígì pé kó san owó tó jẹ wọ́n. Clark wọ ọ́, àwọn tó ń bá a du bọ́ọ̀lù náà wọ ọ́.

Ẹ tún rántí All-Star ti 2024. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni Clark àti Reese wà, ọ̀kan ń pásì, èkejì ń jù ú, wọ́n na ẹgbẹ́ tó ń lọ sí Olympics 117 sí 109. Ẹni tó tiẹ̀ wá gba àmì ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà, Arike Ogunbowale, Àrìkẹ́ wa! Kò ju bọ́ọ̀lù kankan wọlé rárá ní ìdajì àkọ́kọ́, ó wá ju 34 ní ìdajì kejì. Ẹ fi ìyẹn han àwọn ọmọ yín, kí wọ́n mọ̀ pé orúkọ bíi tiwọn wà níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Ìpẹru
Mo ṣì ń dúró dè yín kóòṣì. Ṣé ẹ ti bi àwọn ọmọ náà?

Kóòṣì_Ìjẹ̀búÒde (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)
Ẹ má bínú mo pẹ́. Mo bi wọ́n màmá. Mo pe tiwa jókòó, mo ní mo gbọ́ pé ìwọ àti ọmọ Ṣágámù yẹn kìí sọ̀rọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tá a ti gbá eré kejì làwọn ti jọ ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí Wátsáàpù, pé ìdè orúnkún tí òun ń lò, ọwọ́ ọmọ yẹn lòun ti rà á lẹ́dìn-ínwó. Orí kọ́ọ̀tù làwọn ò kìí rẹ́rìn-ín torí pé "tí mo bá rẹ́rìn-ín sí i, á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi." Ojú tì mí díẹ̀.

A jẹ́ kí àwọn méjèèjì fúnra wọn sọ ohun tá a máa kọ sórí fláyà. Wọ́n ní ká kọ "2-2. Ìkarùn-ún ńkọ́?" pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ wọn, kò sí fọ́tò ojú, ẹ̀yìn jẹ́sì nìkan, bí àwọn ìyá wọn ṣe fẹ́ nìyẹn. Ọmọ Ṣágámù yẹn ṣe fídíò kan, ó ń ka ribáùn 17 yẹn lóhùn orin, tiwa dáhùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo wò ó. A ti ibi tí wọ́n ń kọ èsì sí pa.

Sọ́ńdè, aago mẹ́rin. Báàgì píọ̀ wọ́tà mẹ́wàá la rà, 200 ẹyọ nìyẹn, gbogbo ẹ̀ tán kí kúọ́tà kẹta tó parí. Àga 60 ò tó, àwọn kan gun orí fẹ́ńsì. Ọmọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ gíga yẹn, kí n tó dìde, tiwa ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù ó ní ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n nà án fúnra mi. Kò nà án. Ṣágámù jáwé olúborí, 47 sí 44.

ỌmọAkárígbò
3-2. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ìkẹfà, ọ̀dọ̀ wa, Sọ́ńdè kejì oṣù tó ń bọ̀, ẹ máa mú gààrí Ìjẹ̀bú yín dání, omi tútù wà lọ́dọ̀ wa.

Kóòṣì_Ìjẹ̀búÒde
A ń bọ̀. Ọgá oníkánápì, ṣé mọ́tò yín lè gbé wa dé Ṣágámù? Ẹ tún bá mi wá ẹni tó mọ ríìmù í jó, èyí tó tẹ̀ yẹn ti já lọ́jọ́ Sọ́ńdè.